Ká, Dì, Tú, Nà, Tì: Àlàyé lórí Ohun-Èlò Akánà ní Òfurufú

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé irú ohun-èlò kan tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń ká mọ́ra nílé ayé, tí wọn á gbé e lọ sí òfurufú, tí yóò sì na ara rẹ̀ nígbà tí ó bá débẹ̀. Apá tí sátẹ́láìtì fi ń gba agbára oòrùn wà lára wọn. Èríàlì gígùn, awò-awọ̀nàjíjìn ńlá tí a fi ń wo ìràwọ̀ àti apá róbọ́ọ̀tì náà wà lára wọn. A ó máa pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ohun-èlò akánà. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ni a fi ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà láti ara ká àti nà, gẹ́gẹ́ bí a ti fi í ṣẹ̀dá apẹja àti akọ̀wé.

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìdáhùn wa ni èyí. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún gbogbo iṣẹ́ tí ohun-èlò akánà ń ṣe, òun kan náà ni wọ́n sì ń lò bí ìjọba bá kó ọmọ ogun lọ sí ojú ìjà. Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ yóò máa wá ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kan ṣoṣo tí yóò ṣe déédéé rẹ̀. Èyí tí ó sáré wá sí wa lẹ́nu ni ṣí. Ẹlòmíràn lè lo tú ká, ṣùgbọ́n bí a bá kà á létí ẹni pé, 'Sátẹ́láìtì náà ti tú ká ní òfurufú,' ohun tí Yorùbá yóò gbọ́ ni pé ó ti fọ́ yángá, pé iṣẹ́ ti bàjẹ́.

Lójú tiwa, iṣẹ́ márùn-ún ni ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan bò yìí. Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí a bá sì wo àwọn ìjàǹbá tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí irú ohun-èlò bẹ́ẹ̀, a ó rí i pé ìpele ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ gbogbo rẹ̀ ti fi ìdí ọ̀rọ̀ pamọ́. Láti ọdún 1970 tí Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kò tún sí àní-àní pé èdè wa lè gbé ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó kù ni pé kí á lò ó lọ́nà tí ó péye.

2. Ìṣòro tí ohun-èlò akánà ń yanjú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, 'Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.' Ìṣòro àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ gan-an nìyí. Kèrègbè tiwọn ni orí rọ́kẹ́ẹ̀tì, nítorí inú rẹ̀ kò gbòòrò. Pẹpẹ tiwọn ni iṣẹ́ tí ohun-èlò náà fẹ́ lọ ṣe, nítorí pé bí awò-awọ̀nàjíjìn bá ti tóbi tó ni yóò ti ríran jìnnà tó, bí apá sólà bá sì ti fẹ̀ tó ni iná tí yóò mú wá yóò ti pọ̀ tó. Ọwọ́ kan náà ni wọ́n fẹ́ kí ó wọ kèrègbè, kí ó sì tó pẹpẹ.

Ẹ jẹ́ kí á wo awò-awọ̀nàjíjìn tí wọ́n ń pè ní James Webb, tí ó gbéra láti Kourou ní ilẹ̀ Guiana ti àwọn Faransé ní ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 2021. Dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 6.5 láti etí kan dé èkejì. Àyè tí ó wà nínú orí rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 tí ó gbé e kò sì fẹ̀ tó mítà 5. Abẹ́ dígí náà ni ìbòòrùn kan wà, tí ó gùn tó mítà 21, tí ó sì fẹ̀ tó mítà 14. Bí a kò bá ká wọn, kò sí bí wọn yóò ṣe wọ̀ ọ́.

3. Ìpele márùn-ún

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Gbogbo wa ni a mọ bí a ti ń lo ẹní àti ilẹ̀kùn:

(1) a. Ìyá ká ẹní.
    b. Ó fi okùn dì í.
    d. Ó tú okùn náà.
    e. Ó tẹ́ ẹní náà.
    ẹ. Ó ti ilẹ̀kùn.

Bí a bá to ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí tẹ̀léra wọn, tí a sì fi nà sí ipò tẹ́ fún ohun tí ó bá gùn, a ti to iṣẹ́ ohun-èlò akánà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

(i) Ká. Ọ̀nà tí a ń gbà ká nǹkan ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. A lè ṣẹ́ ẹ ní oríkèé, bí apá ènìyàn ti ń ṣẹ́ ní ìgbọ̀nwọ́. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú apá sólà àti apá róbọ́ọ̀tì rí. A lè ká a bí ẹní. Irú èyí ni èríàlì Alouette 1, sátẹ́láìtì tí ilẹ̀ Kánádà fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1962. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ṣe é, gẹ́gẹ́ bí téèpù onírin tí àwọn káfíńtà fi ń wọn pákó. Bí ó bá wà ní kíká, pẹlẹbẹ ni. Bí ó bá ti ń jáde, a máa tẹ̀ kòròkòrò bí ọ̀pá, a sì máa dúró gan. Èríàlì rẹ̀ tí ó gùn jù ju mítà 45 lọ láti orí kan dé èkejì. A tún lè ki ọ̀pá kan bọ inú òmíràn, bí èríàlì rédíò alágbèéká. Lákòótán, a lè ṣẹ́ bébà tàbí pátákó ní ìlà wíwọ́ tí ó jẹ́ pé bí a bá fa igun kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ ni yóò nà lẹ́ẹ̀kan náà. Koryo Miura, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Japan, ni orúkọ rẹ̀ mọ́ ọ̀nà yìí, wọ́n sì dán an wò lórí sátẹ́láìtì ilẹ̀ Japan kan tí ó gbéra ní 1995.

(ii) Dì. Rọ́kẹ́ẹ̀tì a máa gbọ̀n gidigidi nígbà tí ó bá ń gbéra. Ohun tí a ká ṣùgbọ́n tí a kò dì yóò máa na ara mọ́ra títí yóò fi fọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi okùn irin tàbí ìdè mìíràn dì í ṣinṣin.

(iii) Tú. Ohun tí a dì ṣinṣin gbọ́dọ̀ tú ní àkókò rẹ̀, láìsí ọwọ́ ènìyàn nítòsí. Wọ́n lè fi iná mànàmáná yọ́ okùn náà, wọ́n lè fi abẹ kékeré gé e, wọ́n sì lè fi ẹ̀tù díẹ̀ já a. Ìdè 107 ni ó di ìbòòrùn Webb nìkan mọ́lẹ̀. Bí 106 bá tú tí ọ̀kan ṣoṣo kọ̀, ìbòòrùn náà kò lè tẹ́ bó ti yẹ.

(iv) Nà. Agbára tí ń na ohun-èlò lè ti inú sípíríǹgì wá, ó sì lè jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì kékeré. Ohun tí ó ṣòro níbẹ̀ ni ìyára rẹ̀. Sípíríǹgì tí ó lágbára kì yóò jẹ́ kí nǹkan há, ṣùgbọ́n yóò na apá náà débi pé bí ó bá dé òpin yóò gbá gbàgà, ó sì lè ṣẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fi ohun tí yóò dẹ̀ ẹ́ sí i, kí ó lè nà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

(v) Tì. Apá tí ó ti nà ṣùgbọ́n tí kò tíì tì, apá rírọ ni. Gbogbo oríkèé gbọ́dọ̀ há mọ́ ipò rẹ̀, kí ohun tí ó ti ń rìn tẹ́lẹ̀ lè di ohun tí kò rìn mọ́. Ìgbà yìí ni ó tó di ilé tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fẹ́ràn kí ohun-èlò náà ní ọ̀nà kan ṣoṣo láti kíká dé nínà. Agboòrùn ni àpẹẹrẹ tí ó dára jù. Ọ̀pá rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n òrùka kan ṣoṣo ni a ń tì sókè, gbogbo ọ̀pá á sì jùmọ̀ nà. Ohun tí ó bá ní ọ̀nà púpọ̀ láti nà ní ọ̀nà púpọ̀ láti há.

4. Bí ìpele kan bá kùnà

Ìjàǹbá méjì tí a fẹ́ sọ yìí ni yóò fi hàn pé ọ̀rọ̀ ìpele kì í ṣe eré.

Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 1973, ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ilé òfurufú kan tí wọ́n pè ní Skylab ránṣẹ́. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ tí rọ́kẹ́ẹ̀tì gbéra tí afẹ́fẹ́ fi fa asà tí wọ́n fi bo ara ilé náà ya. Apá sólà ńlá méjì ni ilé náà ní. Ọ̀kan já dànù pátápátá. Èkejì wà níbẹ̀ láìfarapa, ṣùgbọ́n àjákù asà náà dè é mọ́ ara ilé. Agbára àtinà wà lára apá náà. Ohun tí kò sí ni ìtúsílẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó wò ó sàn ni abẹ. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà, Charles Conrad àti Joseph Kerwin jáde sí ìta òfurufú, wọ́n gé irin náà, wọ́n sì fi okùn fa apá náà títí ó fi nà. Ṣáájú èyí, nítorí ooru tí ó mú nínú ilé náà lẹ́yìn tí asà ti lọ, wọ́n ti ti agboòrùn kan gba ihò kékeré ara ògiri jáde, wọ́n sì ṣí i sórí ilé. Agboòrùn gan-an ni, kì í ṣe àfiwé. Ooru náà rọlẹ̀.

Èkejì ni ti Galileo, ọkọ̀ òfurufú tí ó gbéra ní oṣù kẹwàá ọdún 1989 láti lọ wo pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà. Èríàlì rẹ̀ ńlá fẹ̀ tó mítà 4.8, ọ̀pá 18 ni ó ní, bí agboòrùn ni wọ́n sì ṣe ká a. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1991 ni wọ́n pàṣẹ pé kí ó nà. Ẹ́ńjìnnì kékeré rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì dúró lójijì. Èríàlì náà nà ní ẹ̀gbẹ́ kan, kò nà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí fà yọ ni pé díẹ̀ nínú àwọn ọ̀pá náà há mọ́ òpó àárín, nítorí pé ohun tí wọ́n fi pa á kí ó lè máa yọ̀ ti há kúrò lára rẹ̀. Wọ́n ti fi ọkọ̀ ilẹ̀ gbé èríàlì náà láti ìhà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà dé ìhà ìlà-oòrùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì ti ń ha ara rẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n kọjú rẹ̀ sí oòrùn kí ó gbóná, wọ́n kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí i kí ó tutù, wọ́n sì tan ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n pa á, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Kò nà. Èríàlì kékeré ni Galileo fi ṣiṣẹ́ títí ó fi parí ìrìn-àjò rẹ̀ ní 2003. Ó ṣe iṣẹ́ ribiribi, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ń fi ihò abẹ́rẹ́ rọ omi ni ó ṣe ń fi ìròyìn ránṣẹ́.

Bí a bá sọ pé, 'Apá Skylab kò ṣí, èríàlì Galileo náà kò ṣí,' a kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò rò pé àìsàn kan náà ni ó ṣe àwọn méjèèjì. Bí a bá sọ pé wọ́n de ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, tí èkejì sì há, ọmọ yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ ìdí tí abẹ fi wo ọ̀kan sàn, tí kò sì sí abẹ tí ó lè wo èkejì.

5. Ìyí àti ìgbọ̀n

Bí ohun-èlò bá ti nà tí ó sì ti tì, iṣẹ́ kò tíì tán. Ohun tí ó wà ní òfurufú kò ní ilẹ̀ tí yóò fẹsẹ̀ tì. Bí ó bá na apá, gbogbo ara rẹ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí ó bá ń yí bírí tí ó ká apá mọ́ra a máa yára. Bí ó bá na apá, ìyí rẹ̀ a falẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sátẹ́láìtì tí ń yí ṣe máa ń falẹ̀ bí ó bá na èríàlì rẹ̀.

Explorer 1, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ́ àwọn onímọ̀ lẹ́kọ̀ọ́ nípa èyí ní 1958. Ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ta á kí ó máa yí lórí òró bí òkòtó. Ṣùgbọ́n èríàlì wáyà mẹ́rin tí ó rọ̀ wà lára rẹ̀. Bí wáyà wọ̀nyí ti ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún ni wọ́n ń jẹ agbára ìyí náà run díẹ̀díẹ̀. Láìpẹ́, ó fi ìyí òkòtó sílẹ̀, ó sì ń yí gbirigbiri bí ọmọ odó tí a jù sókè. Ohun tí ó kéré jù lára rẹ̀ ni ó yí gbogbo rẹ̀ padà.

Ti awò-awọ̀nàjíjìn Hubble, tí ó gbéra ní oṣù kẹrin ọdún 1990, yàtọ̀. Apá sólà rẹ̀ ti nà ní tirẹ̀, ó sì dúró sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bí wákàtí kan àti ààbọ̀ ni Hubble fi ń yí ayé po lẹ́ẹ̀kan, ìgbàkígbà tí ó bá sì ti inú òkùnkùn bọ́ sínú oòrùn, ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀pá tí ó na apá náà a gbóná ju èkejì lọ, ọ̀pá náà a tẹ̀, gbogbo apá á sì gbọ̀n. Awò tí ń gbọ̀n kò lè ríran kedere. Ní oṣù kejìlá ọdún 1993, wọ́n fi apá mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ìpele wo ni a ó fi èyí sí? Kò sí nínú márùn-ún wa. Ọ̀rọ̀-ìṣe kẹfà ni, gbọ̀n, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ohun tí ó ti nà tán lè ṣì máa gbọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni apá róbọ́ọ̀tì. Èyí tí ilẹ̀ Kánádà ṣe fún ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ́kọ́ lò ní oṣù kọkànlá ọdún 1981, gùn ju mítà 15 lọ, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé kò lè gbé ara rẹ̀ nílé ayé. Bí ẹni tí ń darí rẹ̀ bá dá a dúró, orí rẹ̀ a ṣì máa mì bí ọparun tí a tẹ̀ tí a sì jù sílẹ̀. Ó ní láti dúró kí ìmì náà rọlẹ̀ kí ó tó lè fi mú nǹkan.

A kò ní fi ìyí sílẹ̀ bí ẹni pé wàhálà nìkan ni. Ilẹ̀ Japan sọ ọ́ di ọwọ́ tí ń tẹ́ aṣọ. IKAROS, tí ó gbéra ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, ní ìgbòkun tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 14, tí kò sì nípọn tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà. Kò sí ọ̀pá tí ó nà án. Ọkọ̀ náà yí, ìgbòkun sì fẹ̀ jáde, bí aṣọ egúngún ti ń fẹ̀ nígbà tí ó bá ń pòòyì.

6. Ìtòtẹ̀léra

Ẹni tí ó bá ti lóye ohun tí a ti sọ bọ̀ yìí yóò lóye Webb. Ó ṣí ìbòrí tí ó bo ìbòòrùn. Ó na ọ̀pá méjì sí ẹ̀gbẹ́, ìbòòrùn sì tẹ́. Ó fa ìpele aṣọ márààrún le lọ́kọ̀ọ̀kan títí di ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2022. Lẹ́yìn náà ni ó yí etí dígí méjèèjì wá sí ipò wọn, ó sì tì wọ́n. Èyí parí ní ọjọ́ 8 oṣù náà. Kò sí èyí tí a lè fi ṣáájú tí a kò bá fẹ́ kí ọ̀kan di ọ̀kan lọ́wọ́.

Róbọ́ọ̀tì Spirit náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó balẹ̀ sí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì ní oṣù kìíní ọdún 2004. Kíká ni ó wà nínú ohun tí ó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ohun náà ṣí, apá sólà tẹ́, róbọ́ọ̀tì dìde, ó na ẹsẹ̀, ó ti oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó tó fi táyà tẹ ilẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 12 ni ó fi ṣe é. Kò kánjú, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò wá ràn án lọ́wọ́.

7. Ohun tí ó kan olùkọ́ àti olùdánwò

Àbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ni Yorùbá ń wò kí ó tó yan ọ̀rọ̀-ìṣe:

(2) a. Ẹní ni a ń tẹ́.
    b. Ọwọ́ ni a ń nà.
    d. Ìdérí ni a ń ṣí.
    e. Okùn ni a ń tú.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú (2) ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe béèrè pé, 'Kí ni Yorùbá ń pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí?' Kí ó béèrè pé, 'Kí ni wọ́n ṣe, kí sì ni wọ́n ṣe é sí?' Bí ó bá jẹ́ ohun pẹrẹsẹ ni, tẹ́ ni. Bí ó bá jẹ́ ohun gígùn ni, nà ni. Bí ohun kan bá bo òmíràn, ṣí ni.

Ní ti àwọn orúkọ, a kò rí ohun tí ó burú nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì, sólà àti sípíríǹgì. Ẹrù ni wọ́n, wọ́n sì bá orúkọ wọn wá. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí a fi ní láti yá ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà nílé.

Ní ti olùdánwò, ẹ jẹ́ kí á gbà pé a fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà lórí Skylab, a sì béèrè pé, 'Kí ni ó ṣe apá sólà kejì?' Akẹ́kọ̀ọ́ kan dáhùn pé, 'Kò ṣí.' Èkejì dáhùn pé, 'Àjákù irin dè é mọ́lẹ̀, kò sì lè nà títí wọ́n fi gé irin náà.' Kò yẹ kí máàkì àwọn méjèèjì dọ́gba. Ti àkọ́kọ́ sọ ohun tí ojú rí. Ti èkejì sọ ohun tí ó fà á. Lọ́wọ́ kejì, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ 'yọ okùn' dípò 'tú okùn', tàbí tí ó lo ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè rẹ̀ tí ìpele náà sì hàn kedere, kò yẹ kí á gé máàkì rẹ̀. Ìtumọ̀ ni kí á máa wò.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ohun-èlò akánà ń gba ìpele márùn-ún kọjá, pé ìpele kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó lè gbà kùnà, àti pé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ìyí àti ìgbọ̀n ṣì wà tí a ní láti ṣọ́. A kò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìṣe tuntun kankan kí á tó lè ṣe àlàyé yìí. Orúkọ kan ṣoṣo ni a ṣẹ̀dá. Ẹní, okùn, agboòrùn àti ilẹ̀kùn ti kọ́ àwọn ọmọ wa ní ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó dé ilé-ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ tiwa ni kí á má jẹ́ kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.